Orí Kẹrin: Ọ̀sẹ̀ Àkọ́kọ́ ní Bodrum

Ẹni tó bá ń lọ sí Tọ́kì láti bá àwọn awalẹ̀pìtàn ṣiṣẹ́ lábẹ́ omi sábà máa ń fi gbogbo ọkàn rẹ̀ sórí omi. Ó ti ra gíláàsì ojú tuntun, ó ti wo fídíò títí ilẹ̀ fi mọ́, ó sì ti ń ka ọjọ́ tó máa kọ́kọ́ mòòkùn. Orí ilẹ̀ ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí ẹ mú dání, ara tí ẹ gbé dé, àti bí ẹ ṣe gba iṣẹ́ kékeré tí wọ́n kọ́kọ́ fún yín ló máa sọ bóyá olórí ikọ̀ á fi iṣẹ́ gidi lé yín lọ́wọ́ nísàlẹ̀ òkun. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fi ń mọ èèyàn níbẹ̀.

Ibi tí ẹ ń lọ

Etí Òkun Aegean ni Bodrum wà, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Tọ́kì. Ìlú ìgbafẹ́ ni lójú ọ̀pọ̀ àlejò, ṣùgbọ́n ojúlé ni fún àwọn tó ń wá ìtàn nínú omi. Lọ́dún 1960, George Bass, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ ìwalẹ̀pìtàn ní yunifásítì, kó ikọ̀ kan lọ sí Cape Gelidonya, níbi tí ọkọ̀ kan ti rì ní nǹkan bí 3,200 ọdún sẹ́yìn. Àwọn amòòkùn tó ń wá kànrìnkàn inú òkun ló mọ ibẹ̀, àwọn ló sì sọ fún Peter Throckmorton, oníròyìn tó ń bá wọn gbé. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn amòòkùn ni wọ́n máa ń rán lọ sísàlẹ̀. Awalẹ̀pìtàn á jókòó lókè nínú ọkọ̀, á máa retí ohun tí wọ́n bá gbé wá. Bass kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí awalẹ̀pìtàn fúnra rẹ̀ wọ omi, kí ó wọn ohun gbogbo, kí ó sì yà á sínú àwòrán kí ẹnikẹ́ni tó gbé e kúrò níbi tó wà. Òun alára, inú odò ìlúwẹ̀ẹ́ YMCA ní Philadelphia ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìmòòkùn nígbà náà. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé àwọn tó ti ń bá omi ṣeré láti kékeré nìkan ni wọ́n ń gbà, kí ó gbé èrò yẹn kúrò lọ́kàn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ìwalẹ̀pìtàn ni wọ́n ń wá. Ìmòòkùn, wọ́n lè kọ́ ọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni Bass dá Institute of Nautical Archaeology sílẹ̀. Láti ọdún 1976 ni àjọ náà ti ń bá Yunifásítì Texas A&M ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n sì ní ilé ìwádìí ní Bodrum. Inú ilé odi tó wà létí èbúté, èyí tí àwọn ajagun ẹlẹ́sìn Kristi tí wọ́n ń pè ní Knights of St John kọ́ ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn, ni mùsíọ́ọ̀mù ìwalẹ̀pìtàn abẹ́ omi wà. Ẹ fi odindi ọjọ́ kan wò ó kí iṣẹ́ tó wọra. Ẹni tí kò bá tíì rí ohun tí ó ń wá kò ní mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹrẹ̀ àti ewédò bá bò ó.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró pẹ́ sí jù nínú mùsíọ́ọ̀mù náà ni gbọ̀ngàn ọkọ̀ Uluburun. Lọ́dún 1982, ọ̀dọ́kùnrin amòòkùn kan tó ń jẹ́ Mehmet Çakır sọ fún ọ̀gá ọkọ̀ rẹ̀ pé òun rí bísíkíìtì onírin tó ní etí nísàlẹ̀ omi nítòsí ìlú Kaş. Àwọn ará àjọ Bass ti ń lọ láti èbúté dé èbúté, tí wọ́n ń fi àwòrán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ han àwọn awakànrìnkàn, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí kò fi bọ́ sílẹ̀. Bàbà ni bísíkíìtì náà, tí wọ́n rọ sí ìrísí awọ màlúù tí a tẹ́ sílẹ̀. Láti ọdún 1984 dé 1994 ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, lábẹ́ àkóso Bass lákọ̀ọ́kọ́ àti Cemal Pulak lẹ́yìn náà. Ìmòòkùn tí wọ́n ṣe lé ní 22,000. Wọ́n gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 10 bàbà àti tọ́ọ̀nù 1 tánganran jáde, pẹ̀lú gíláàsì aláwọ̀ búlúù, ẹyin ògòǹgò, eyín erin, eyín erinmi, àti òǹtẹ̀ wúrà kékeré tí orúkọ Nefertiti, ayaba Íjíbítì, wà lára rẹ̀. Gẹdú dúdú tó wà nínú ẹrù náà, igi ilẹ̀ Áfíríkà ni. Ọkọ̀ yìí ti rì láti nǹkan bí 3,300 ọdún sẹ́yìn, ọjà ilẹ̀ wa sì wà nínú rẹ̀. Ẹ rántí èyí bí ẹnikẹ́ni bá ń wò yín bíi pé ẹ ṣìnà dé ibẹ̀.

Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ tò

Físà arìn-gbafẹ́ kò tó fún iṣẹ́ yìí, kódà bí òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ibodè bá jẹ́ kí ẹ wọlé. Ní Tọ́kì, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí Àṣà àti Ìrìn-àjò Afẹ́ ló ń fúnni láṣẹ láti walẹ̀, ì báà jẹ́ lórí ilẹ̀ tàbí lábẹ́ omi, orúkọ gbogbo àjèjì tó wà nínú ikọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àṣẹ náà. Olórí ikọ̀ ló ń kó orúkọ yìí lọ síwájú ìjọba, oṣù púpọ̀ ṣáájú. Tí ó bá ní kí ẹ fi ẹ̀dà páàsípọ́ọ̀tù, àwòrán, àti ìwé ẹ̀rí ilé ìwé ránṣẹ́ lóṣù Kejìlá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di oṣù Kejì. Nígbà tí àṣẹ bá jáde ni ẹ óò lọ gba irú físà tó wà fún àwọn awalẹ̀pìtàn ní ẹ́ńbásì Tọ́kì. Àwọn tó wà ní Nàìjíríà, Abuja ni ẹ́ńbásì náà wà. Àwọn tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, ibi tí ẹ ń gbé ni kí ẹ ti ṣe é.

Orúkọ yín gbọ́dọ̀ bára mu lórí gbogbo ìwé. Èyí ń kó ìyọnu bá ọmọ Yorùbá ju bí a ṣe rò lọ. Ẹni tó ń jẹ́ Ọláníkẹ̀ẹ́ nínú páàsípọ́ọ̀tù, tó ń jẹ́ Níkẹ̀ẹ́ lórí káàdì ìmòòkùn, tí orúkọ ọkọ rẹ̀ sì wà lórí ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lójú akọ̀wé tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ jẹ́ kí ilé iṣẹ́ tó fún yín ní káàdì ìmòòkùn tún orúkọ kọ bó ṣe wà nínú páàsípọ́ọ̀tù. Ẹ tẹ gbogbo ìwé sórí pépà pẹ̀lú, kí ẹ má ṣe gbára lé fóònù nìkan.

Ìwé adójútòfò tí ọkọ̀ òfurufú ń tà kì í sábà kan ìmòòkùn. Ẹ wá èyí tó sọ ní pàtó pé òun máa san owó ìtọ́jú nínú yàrá irin tí wọ́n ń fún afẹ́fẹ́ sí, èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú amòòkùn tí náítrójìn bá dá lára. Divers Alert Network, tí gbogbo wọn ń pè ní DAN, ló gbajúmọ̀ jù nínú irú rẹ̀. Láìsí ìwé yìí, kò sí olórí ikọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó máa jẹ́ kí ẹ wọ omi.

Ara tí ẹ máa gbé lọ

Bí a bá wà nísàlẹ̀, náítrójìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Bí ó bá ṣe jìn tó, tí a sì pẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò pọ̀ tó. Tí a bá rọra gòkè, tí a dúró níbi tó yẹ, ara á tú u dànù. Tí a bá kánjú, yóò di afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ nínú iṣan àti oríkèé. Ó lè roni lápá, ó sì lè rọ èèyàn lẹ́sẹ̀. Àwọn tó ṣiṣẹ́ ní Uluburun, láti mítà 44 wọ nǹkan bíi 60, ìgbà méjì lóòjọ́ ni wọ́n ń lọ, ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì tún dúró mí ọ́síjìn bí wọ́n ṣe ń gòkè bọ̀. Kò sí akíkanjú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Aago ló ń pàṣẹ.

Ẹ lọ bá dókítà tó mọ̀ nípa ìmòòkùn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ sọ jẹ́nótáìpù yín fún un kí ó tó béèrè, nítorí dókítà òyìnbó lè má rántí béèrè rárá. Ẹni tó jẹ́ SS kò gbọdọ̀ mòòkùn. Ẹni tó jẹ́ AS, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kí ó sì kọ ìdájọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Asíma, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún yín láìpẹ́, oyún: ẹ sọ gbogbo rẹ̀. Bí ibà bá mú yín ní Nàìjíríà lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ rìn, ẹ tọ́jú rẹ̀ tán kí ẹ tó wọ omi, ẹ sì sọ orúkọ oògùn tí ẹ lò. Oògùn ibà tó ń jẹ́ mefloquine kò bá ìmòòkùn mu, nítorí ó lè fa òòyì àti ìdàrúdàpọ̀ ọkàn tí wọ́n á fi rò pé omi ló ṣe yín.

Ọ̀fìnkìn tí a kì í kà sí àìsàn nílé lè fọ́ ìlù etí nísàlẹ̀ omi. Tí imú bá dí, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà gbà dé inú etí, irora á sì bẹ̀rẹ̀ láàárín mítà mélòó kan. Lọ́jọ́ tí etí kò bá là, ẹ sọ pé kò là, ẹ dúró lókè. Èmi gbà pé ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ọ̀gá rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ti fi hàn pé òun ṣe é fọkàn tán.

Ọ̀rọ̀ irun ńkọ́? Bí ìdí irun dídì tàbí wíìvìnnì bá wà lábẹ́ etí rọ́bà gíláàsì ojú, omi á máa jò wọlé. Ẹ jẹ́ kí onídìrí dì í sẹ́yìn pátápátá, kí iwájú orí wà ní gbọnrangandan, tàbí kí ẹ wá fìlà rọ́bà tó fẹ̀ tó láti gba irun náà. Ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n lábẹ́ imú, ẹ rẹ́ ẹ díẹ̀.

Ẹrù

Ikọ̀ ló ní sìlíńdà àti ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ sí i. Ohun tó jẹ́ tiyín ni aṣọ rọ́bà, gíláàsì ojú, lẹbẹ, aago ìmòòkùn, àti rẹ́gúlétọ̀ tí ẹ ń fi ẹnu mí. Ẹ fi rẹ́gúlétọ̀ àti aago sínú báàgì tí ẹ máa gbé wọ inú ọkọ̀ òfurufú. Ẹ má ṣe fi bátìrì lítíọ́mù ti tọ́ọ̀ṣì tàbí kámẹ́rà tí ẹ yọ sọ́tọ̀ sínú ẹrù tó ń lọ sí ìsàlẹ̀. Òfin ọkọ̀ òfurufú kò gbà á. Sókẹ́ẹ̀tì Tọ́kì, oníhò méjì róbótó ni, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò nílé kò wọ ibẹ̀, nítorí náà ẹ ra adáptọ̀ méjì. Pẹ́ńsù tó pọ̀, nítorí pẹ́ńsù ń kọ̀wé lábẹ́ omi sórí pátákó rọ́bà, bírò kì í kọ. Ìwé àkọsílẹ̀ tó nípọn. Fìlà oòrùn, aṣọ alápá gígùn tó fẹ́lẹ́. Ata gígún tí ẹ dì dáadáa, tí ọ̀fun yín kò bá lè ṣe láìsí i.

Láti Istanbul dé èbúté

Ọkọ̀ òfurufú máa ń lọ tààrà láti Èkó dé Istanbul. Pápákọ̀ òfurufú méjì ló wà ní ìlú náà, ọ̀kan ní apá Yúróòpù, èkejì, Sabiha Gökçen, ní apá Éṣíà, wọ́n sì jìnnà síra. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kejì tó ń lọ sí pápákọ̀ Milas-Bodrum, kí ó má ṣe di pé ẹ ń sáré kọjá ìlú ńlá pẹ̀lú ẹrù lórí. Bí iṣẹ́ bá wà ní apá Kaş, Dalaman tàbí Antalya ni ẹ óò bọ́ sí, ẹ óò sì wọ mọ́tò fún wákàtí mélòó kan lórí ọ̀nà òkè tó ń yí gbirigbiri létí òkun. Wákàtí méjì ni aago Tọ́kì fi síwájú ti Nàìjíríà.

Dolmuş ni ọkọ̀ tí ará ìlú ń wọ̀. Bí danfo ló rí: ó ń kún kí ó tó gbéra, ẹ sì lè sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kí ó dúró níbi tí ẹ fẹ́. Owó ń gba ọwọ́ èrò kan dé ọwọ́ èrò kejì títí yóò fi dé iwájú, ṣéńjì á sì gba ọ̀nà yẹn padà láìdín kọ́bọ̀. Ẹ mú dọ́là tàbí yúrò díẹ̀ dání, ẹ ṣẹ́ ẹ sí lírà nínú ìgboro. Ẹ má ṣe fọkàn tán káàdì báńkì Nàìjíríà nìkan. Fóònù tí ẹ gbé wá láti òkèèrè á máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú síìmù ibẹ̀ fún 120 ọjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á tì í pa àyàfi tí ẹ bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹ sì san owó orí rẹ̀.

Ẹ dé ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Oòrùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ máa ń mú gan-an, ọkọ̀ òfurufú sì ti gba omi lára yín. Ara tí omi ti gbẹ nínú rẹ̀ ni náítrójìn tètè ń dá. Ẹ mu omi, ẹ sùn. Afẹ́fẹ́ àríwá kan wà tí wọ́n ń pè ní meltem, tó máa ń fẹ́ lọ́sàn-án ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn; bí ó bá le, iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tí ẹ óò bínú sí.

Àwọn tí ẹ máa bá níbẹ̀

Ẹni tó ṣe pàtàkì jù lójú òfin kì í ṣe olórí ikọ̀. Aṣojú ìjọba Tọ́kì kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ níbi tí àjèjì bá ti ń walẹ̀, òun ló sì lè dá iṣẹ́ dúró. Ẹ lọ kí i lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, kí ẹ tó tú ẹrù. Ọ̀rọ̀ ìkíni kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá ní Tọ́kì. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ọkùnrin tó bá jù yín lọ, abi ni wọ́n ń pè é, obìnrin, abla. Ọ̀jọ̀gbọ́n àti olùkọ́, hocam. Ẹ fi abi tẹ̀ lé orúkọ àbísọ, kò rí bíi ti bùrọ̀dá tó máa ń ṣáájú orúkọ, wọ́n á gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀. Tíì nínú ife kékeré á máa jáde ní gbogbo ìgbà, kí ẹ má kọ àkọ́kọ́ rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí, ẹ óò gbọ́ ìpè àdúrà láti ibi gbogbo, kò sì sí ẹni tí yóò bínú tí ẹ bá tọrọ ààyè ní ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ sọ ọ́ ṣáájú kí wọ́n lè tò yín sí ìmòòkùn àárọ̀.

Ẹ bọ̀wọ̀ fún ọlọ́kọ̀, alásè, àti apẹja àdúgbò. Láti ọ̀dọ̀ irú wọn ni wọ́n ti mọ Gelidonya àti Uluburun. Orúkọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló kún inú ìwé, ṣùgbọ́n ojú amòòkùn tálákà ló kọ́kọ́ rí i, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ka orí ìwé yìí máa sọ bẹ́ẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ròyìn iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́kọ́ fún yín

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi yín síbi aago. Iṣẹ́ yín ni láti jókòó lórí ọkọ̀ pẹ̀lú ìwé, kí ẹ kọ orúkọ amòòkùn kọ̀ọ̀kan, ìgbà tó wọlé, ìgbà tó kúrò nísàlẹ̀, ìgbà tó dúró ní mítà 6, àti afẹ́fẹ́ tó kù nínú sìlíńdà rẹ̀. Oòrùn á máa pa yín, ẹ óò sì máa gbọ́ ẹ̀rín àwọn tó ń wọ omi. Ẹ má ṣe kà á sí ìyà. Ẹ̀mí àwọn tó wà nísàlẹ̀ wà nínú ìwé tí ẹ ń kọ. Ìṣẹ́jú tí ẹ fi ojú wo fóònù lè jẹ́ ìṣẹ́jú tí ẹnì kan ń pẹ́ jù nísàlẹ̀.

Tàbí kí wọ́n fi yín síbi àwo omi. Ohun tó ti pẹ́ nínú iyọ̀ òkun kò gbọdọ̀ gbẹ lójijì: iyọ̀ inú rẹ̀ á le, á sì fọ́ ìkòkò náà sí wẹ́wẹ́ láti inú wá. Nítorí náà, inú omi ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n á máa pààrọ̀ omi náà fún omi tó túbọ̀ mọ́, fún ọ̀sẹ̀, fún oṣù, títí iyọ̀ á fi tán. Pákó ọkọ̀ gba ọdún púpọ̀. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú oògùn tó ń dípò omi inú rẹ̀ kí ó má ṣe rún. Irin ni ó yani lẹ́nu jù. Irin fúnra rẹ̀ á ti jẹrà tán, á ku òkúta líle tó dì yí i ká, tí inú rẹ̀ ṣófo. Wọ́n á da kẹ́míkà tó ń le sínú ihò náà, wọ́n á sì fọ́ òkúta kúrò lára rẹ̀: àáké tàbí ọ̀bẹ tí kò sí mọ́ á jáde, tòun ti àmì òòlù alágbẹ̀dẹ. Bí wọ́n bá gbà yín láyè láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ fi oúnjẹ ọ̀sán sílẹ̀ fún un.

Ní Serçe Limanı, níbi tí ọkọ̀ kan tó rì ní nǹkan bí ọdún 1025 wà, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3 gíláàsì ni wọ́n kó jáde láàárín 1977 sí 1979, púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ àfọ́kù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn èèyàn fi jókòó ní Bodrum tí wọ́n ń to àfọ́kù mọ́ àfọ́kù títí ó fi di ife àti ìgò padà. Àwọn àgbà ẹnu iṣẹ́ yìí ń sọ pé oṣù kan nínú omi, ọdún méjì lórí ilẹ̀. Ẹni tí kò bá lè fẹ́ràn àwo omi àti àfọ́kù, ìmòòkùn lásán ló ń wá, ibi ìgbafẹ́ tó ń ta ìyẹn sì pọ̀ létí òkun kan náà.

Ibi asẹ́ náà wà. Wọ́n ń sẹ́ ẹrẹ̀ tí wọ́n bá dà jáde láti inú ìṣà. Hóró ọ̀pọ̀tọ́, hóró ólífì, pómégíránétì, gbogbo rẹ̀ jáde ní Uluburun. Nínú ìṣà ńlá kan ni wọ́n ti rí wàláà onígi kékeré oníwèé méjì, tí wọ́n ń da ìda sí láti kọ̀wé, tí àgbékọ́ rẹ̀ jẹ́ eyín erin. Ẹni tó bá da ẹrẹ̀ náà nù ì bá ti da ìwé àtijọ́ nù.

Ìgbà tí ẹ bá wá wọ omi

Ìdánwò ni ìmòòkùn àkọ́kọ́, níbi tí kò jìn. Olùtọ́jú ààbò á ní kí ẹ bọ́ gíláàsì ojú kí ẹ tún un wọ̀, kí ẹ gba afẹ́fẹ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, kí ẹ léfòó láìgòkè láìsọ̀kalẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀. Ẹ kọ́ ọ nílé títí yóò fi mọ́ yín lára, nítorí ẹni tó bá ń fi orúnkún kúnlẹ̀ sórí ibi iṣẹ́ lè fọ́ ohun tó ti wà ní pípé láti 3,000 ọdún.

Ṣọ́bìrì kò sí nísàlẹ̀, ọwọ́ ni. Ẹ óò na ara gbọọrọ nínú omi, lẹbẹ lókè, àyà súnmọ́ ilẹ̀ láìkàn án. Ẹ óò wá mi àtẹ́lẹwọ́ díẹ̀díẹ̀ lórí iyanrìn, kí omi tí ọwọ́ ń tì ṣí i kúrò. Iyanrìn á gbéra, á rú bíńtín, páìpù ńlá tí wọ́n fún afẹ́fẹ́ sí láti ìsàlẹ̀ á sì fà á lọ. Ẹ dúró kí omi là. Ẹ mi ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Etí ìṣà kan á yọ, pupa, pẹ̀lú ìka alámọ̀ tó tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì tutù. Ẹ ò ní fà á. Ẹ óò so nọ́ńbà mọ́ ọn, ẹ óò ya bó ṣe dùbúlẹ̀ sórí pátákó rọ́bà, ìhà tó kọjú sí, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn á ya fọ́tò rẹ̀ láti ìhà púpọ̀ kí kọ̀ǹpútà lè tò ó pọ̀ di àwòrán tó ṣe é wọ̀n. Nígbà náà, aago á ti pé, ẹ óò fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ ẹ̀yin ni yóò gbé e dé òkè. Tí ihò ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ bá wà nítòsí, ẹ wo ẹnu rẹ̀: ó máa ń kó àfọ́kù jọ sí ẹnu ihò, àfọ́kù yẹn kì í sì í ṣe ibẹ̀ ni ọkọ̀ fi í sí.

Ẹ kọ ìwé àkọsílẹ̀ yín kí ẹ tó jẹun. Níbi tó jìn, náítrójìn máa ń ṣe ọpọlọ bí ọtí, ohun tí ẹ rí kedere nísàlẹ̀ á sì ti máa ṣí lọ nígbà tí ẹ bá fi máa bọ́ aṣọ. Ẹ kọ ohun tí ẹ kò lóye pẹ̀lú.

Ṣáájú kí ẹ tó padà

Ẹ má ṣe mú ohunkóhun. Àfọ́kù tó kéré jù, òkúta tó rẹwà, owó ẹyọ tí ọmọdé kan tà létí òkun: òfin nọ́ńbà 2863 ti ọdún 1983 ní Tọ́kì sọ gbogbo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé di ti ìjọba, ẹ̀wọ̀n sì wà fún ẹni tó bá gbìyànjú láti gbé e jáde. Wọ́n ti dá àlejò dúró ní pápákọ̀ òfurufú nítorí òkúta inú báàgì. Ẹ fi ìwé àkọsílẹ̀ àti gbogbo àwòrán lé olórí ikọ̀ lọ́wọ́, ẹ tọrọ ẹ̀dà. Lẹ́yìn ìmòòkùn ọ̀pọ̀ ọjọ́, ẹ jẹ́ kí ó pé wákàtí 18 ó kéré tán kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Tí ẹ bá ti ń dúró mí ọ́síjìn bí ẹ ṣe ń gòkè, ẹ jẹ́ kí ó kọjá 24.

Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn UNESCO ti ọdún 2001 lórí ohun àjogúnbá tó wà lábẹ́ omi, láti ọdún 2005 ni. Omi wa kò ṣàì ní ọkọ̀ tó rì, àwọn tó lè sọ̀kalẹ̀ lọ wọ̀n ọ́n ni kò tó. Ẹ̀ka ìwalẹ̀pìtàn wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, àjọ ìjọba tó ń rí sí mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sì wà. Ní oṣù àkọ́kọ́ tí ẹ bá padà dé, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé ẹ̀dà ìwé yín lọ síbẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ ti kọ́ fún wọn, kí ẹ sì fi nọ́ńbà fóònù yín sílẹ̀.